Ọbẹ̀ Tí Kò Láta

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àbújá ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní yunifásítì lè fi mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa yàn. Mo sọ fún wọn pé ẹlòmíràn ni kí wọ́n lọ bi, nítorí títí di òní n kò tíì mọ̀ bóyá mo ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Wọ́n ní kí n ṣáà kọ ọ́. Ó dáa, mo ti jókòó. Láti ìgbà tí mo ti mú bírò, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan láti lọ wo ẹ̀wà tó wà lórí iná, lẹ́ẹ̀kan láìnídìí. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ bá mi fara dà á.

Iṣẹ́ wo gan-an ni mo ṣe? Àwọn ọmọ tí mo bí pàápàá kò lè dáhùn ìbéèrè yìí nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n á ní, "Mọ́mì wa ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì tó ń kọ́lé." Tíṣà á ní, "Ṣé ẹ̀ńjíníà ni wọ́n?" Rárá. "Ṣé akọ̀wé ni?" Rárá. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ohun tó ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kàn, kí n sì wà níbẹ̀ nígbà tí ayé bá dojú rú fún wọn. Ṣápílénì ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí. Àwọn bírìkìlà ń pè mí ní Ìyá Àdúrà, àwọn aláwàdà inú wọn sì ń pè mí ní Ìyá Ẹ-Pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọ̀gá tuntun kan dé, ó fún iṣẹ́ náà ní orúkọ gígùn kan tí n kò lè pè tán láìmí. Iṣẹ́ kan náà ṣáà ni.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Mo ti fi ogún ọdún to fáìlì ní mínísírì, Èkó la kọ́kọ́ wà kí wọ́n tó kó wa wá sí Àbújá. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, èmi ni mo máa ń darí àdúrà nísàlẹ̀ ọ́fíìsì wa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ní kọ́ńpìnnì ìkọ́lé ń wá sọ́dọ̀ ọ̀gá wa, ó gbọ́ mi níbẹ̀. Ọdún tí ìjọba alágbádá dé ni mo fẹ̀yìn tì ní mínísírì, oṣù yẹn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Owó tó dá lé e kò burú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo rò pé ìwàásù ni mo ń lọ ṣe. Mo rán aṣọ tuntun méjì, mo ra Bíbélì ńlá tí wọ́n fi awọ bò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ́fíìsì wọn ní Wúsè, bàbá àgbàlagbà kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó dé fìlà funfun, ó ń jẹ obì. Ó wo Bíbélì ọwọ́ mi, ó wo bàtà gogoro ẹsẹ̀ mi.

"Ìwọ ni obìnrin tí wọ́n ní ó ń bọ̀?" ó ní. "Lọ gbé ìwé yẹn sínú dúrọ́ọ̀. Mi ò bá a jà o. Àmọ́ Mùsùlùmí lo máa kọ́kọ́ bá pàdé níbí, á sì rò pé o wá yí òun padà ni. Bàtà yẹn náà, bọ́ ọ. Orí yanrìn lo máa rìn."

Ààfáà Sálíù nìyẹn, ọmọ Ìlọrin. Aláṣọ ni ní ọjà Wúsè tẹ́lẹ̀. Ìdí ìsọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ọjà máa ń gbé ìjà wá, tí yóò sì parí rẹ̀ láìgbé ohùn sókè. Ohun tí ẹni tó ni kọ́ńpìnnì rí nìyẹn tó fi gbà á síṣẹ́ ṣáájú mi. Wọ́n ní kí n wà lábẹ́ rẹ̀. Kristẹni ni mí, Mùsùlùmí ni, ọ̀gá mi sì ni.

Ó le! Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi mí sórí bẹ́ǹṣì yẹn, iṣẹ́ mi kò ju kí n máa kí àwọn òṣìṣẹ́ lórúkọ bí wọ́n ṣe ń wọlé. N kò gbọ́dọ̀ gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni àfi bó bá bẹ̀ mí. N kò gbọ́dọ̀ gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Ẹ wo èmi tí ẹsẹ̀ mi kì í gbélẹ̀, tí ẹnu mi kì í sinmi! Mo máa ń délé wá bá ọkọ mi pé n kò lọ mọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní kí n ṣáà lọ lọ́la. Bí òṣìṣẹ́ bá ti ń lọlé nírọ̀lẹ́, Ààfáà á bẹ̀rẹ̀ ìdánwò.

"Ta ni kò kí ọ lónìí?"

"Gbogbo wọn ló kí mi, bàbá."

"Káfíńtà tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kò kí ọ. Ilẹ̀ ló ń wò kọjá. Kí ló ṣe é?"

"Mi ò mọ̀."

"Sáré tẹ̀lé e kó tó wọ mọ́tò."

Mo sáré. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, mo ká ìró sókè, mo sáré tẹ̀lé káfíńtà dé ìdíkọ̀. Ó ní ìyàwó òun ló ti kó jáde lọ. N kò lè sọ ohunkóhun fún un nítorí òfin ọ̀gá mi, torí náà mo dúró tì í títí mọ́tò fi kún. Ní ọjọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ kí mi.

Láàárín àwọn tí mo ń kí láràárọ̀, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Dàńládì. Ẹ̀yà Gwárì ni, ará Kwali, ìlú kan lẹ́yìn Àbújá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri títí yóò fi dán. Ó dúró níwájú mi lọ́jọ́ kan, ó sọ ọ́ ní Hausa tó fi Píjìn díẹ̀ lé, pé: "Madam, ilé tí mò ń rẹ́ yìí, tó bá parí, mẹ́gáàdì ò ní jẹ́ kí n wọ géètì ẹ̀. Kí wá ni mò ń fi ayé mi ṣe?"

Mo dá a lóhùn kíá. Mo ní ilé tiwa ń bẹ lọ́run, ẹnikẹ́ni kò ní lè lé wa ní géètì ibẹ̀. Ó dúpẹ́, ó padà sídìí ògiri. Inú mi dùn sí ara mi. Ààfáà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí.

"O dá a lóhùn kó o lè ráyè lọ jẹun," ó ní.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mo sọ fún un."

"Mo gbọ́. Ó bi ọ́ nípa ògiri, o ń sọ̀rọ̀ ọ̀run. Lọ bá a nídìí ògiri yẹn, kó o jókòó tì í títí wọ́n á fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Bó o bá la ẹnu rẹ, má padà wá bá mi."

Mo lọ jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì, inú ń bí mi. Dàńládì wò mí títí, nígbà tó rí i pé n kò ní sọ̀rọ̀, ó mú ọwọ́ mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ara ògiri, ó ní kí n di ojú. Ó fà á lọ díẹ̀díẹ̀. Ó fi ibi tí ẹlòmíràn rẹ́ hàn mí, ó fi ibi tí òun rẹ́ hàn mí. Ó ní ara ìyàwó òun lòun ti kọ́ ọ, nítorí Làmí ìyàwó òun ń mọ ìkòkò, òkúta kékeré kan ló sì fi ń dán an. Ó ní ẹni tó bá máa gbé ilé yìí á fẹ̀yìn ti ògiri yìí lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, kò ní mọ̀ pé ọwọ́ òun Dàńládì ló gbé e ró. Ó sọ èyí tán, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí agogo lù, ó ní, "Yauwa, madam. Ọ̀rọ̀ tẹ̀ẹ̀kejì yìí dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ." Èmi tí n kò sọ nǹkan kan!

Àtìgbà náà la ti di ọ̀rẹ́. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó jẹ́ sí mi.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí Ààfáà kọ́ mi tí mo rò pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn bí a ṣe ń tú ọ̀fọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní ilẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í dédé dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ fún obìnrin pé ọkọ rẹ̀ kú. A óò ní ara rẹ̀ kò yá. A óò pe àgbà ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àgbà náà á gbọ́ ohun tí a kò sọ, á ṣí fìlà, á ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí, ilé á kún, ohun tí a ń yí po á sì wá jáde nígbà tí ọwọ́ ti pọ̀ tó láti gbá ẹni náà mú. Bí Ààfáà náà ṣe ń ṣe é nìyẹn, àmọ́ òfin méjì ló fi lé e. Ènìyàn méjì ni kó máa lọ, kì í ṣe ẹyọ kan. Èkejì, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìròyìn kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí ìròyìn náà tó parí, bó bá gba ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọdún kẹta mi, Ààfáà lọ sí Ìlọrin fún ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì tó lọ, lọ́sàn-án gangan, pákó tí wọ́n dè mọ́ ara ilé alájà mẹ́ta kan já. Ènìyàn mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Àwọn méjì ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Dàńládì ni ẹnì kẹta, kò sì dé ọsibítù láàyè.

Ọ̀gá sáìtì pè mí. Ọmọ Yorùbá ni, ọmọlúwàbí ọkùnrin ni, àmọ́ ẹ̀rù ti bà á. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá wa lọ sí Kwali. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́." Ó yẹ kí n ní kó fún mi lẹ́nìkejì. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo wọ mọ́tò èmi àti dírẹ́bà nìkan, gbogbo ọ̀nà ni mo ń ká ìka ọwọ́ mi, tí mo ń tú u.

Nígbà tá a débẹ̀, Làmí wà níwájú ilé pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀, amọ̀ bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Obìnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ojú rẹ̀ mọ́. Mo kí wọn. Pẹ̀lú Hausa jákujàku tí mo gbọ́, mo ní ara Dàńládì kò yá, ó wà ní ọsibítù, mo sì dárúkọ ibẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n Dàńládì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní, "Ara rẹ̀ kò yá rárá. Ọwọ́ Ọlọ́run ni gbogbo wa wà. Ẹ kó àwọn àgbà jọ, mọ́tò á wá gbé yín láàárọ̀ ọ̀la."

Bó bá jẹ́ ilé Yorùbá ni, ọkùnrin yẹn á ti fi ọwọ́ lérí. Òun rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Yauwa. Ẹ ṣeun tí ẹ wá láti ọ̀nà jíjìn. Kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà." N kò ní kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn ará ibẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń rọra sọ̀rọ̀ o. Wọ́n ní ọ̀nà tiwọn. Tiwa ni wọn kò lè kà, èmi sì gbé e fún wọn bí ẹni pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n kà.

Mo rí ẹ̀rín yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rí i. Ọkàn mi sọ fún mi pé kò yé e. Dírẹ́bà ti tan mọ́tò, ó ní ilẹ̀ ń ṣú lọ, ara mi kò sì gbà á mọ́ láti jókòó nínú àgbàlá yẹn kí n máa wo amọ̀ ọwọ́ obìnrin náà. Mo bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, n kò parí rẹ̀, mo lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò wa dé Kwali, wọ́n ní Làmí ti bá bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ. Kò lè dúró dè wá. A yí padà kíákíá. Nígbà tí mo fi máa dé ọsibítù, wọ́n ti ti obìnrin náà láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn, títí ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbálẹ̀ fi bi í pé ṣé bírìkìlà tó já bọ́ ló ń wá, tó sì fi ìka hàn án ní ilé tó dá wà lẹ́yìn. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣúárì. Ó jókòó sílẹ̀. Ó gbé aṣọ ọkọ rẹ̀ tó ti fọ̀, tó sì ká, lé ẹsẹ̀ kan. Fúláàsì oúnjẹ wà lórí ẹsẹ̀ kejì.

Kò sunkún. Ó gbé ojú sókè wò mí.

"O ní ara rẹ̀ ò yá," ó ní.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bí a ṣe máa ń ṣe nílé wa nìyẹn. Ó dá mi dúró.

"Kai! Gbọ́ mi. Àná títí ilẹ̀ fi mọ́, ó yẹ kí n máa sunkún ọkọ mi. Ọbẹ̀ ni mò ń sè. Mi ò fi ata sí i, torí ìwọ ní ara rẹ̀ ò yá. Nínú bọ́ọ̀sì, mo sọ fún gbogbo wọn pé mò ń gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ mi. Inú mi ń dùn pé òun á rí mi. Inú mi ń dùn, ó sì ti kú."

Ó ṣí ìdérí fúláàsì náà. Ó ṣì ń gbóná. Ó gbé e fún mi, ó ní, "Ìwọ ló ní kí n sè é. Jẹ ẹ́."

N kò lè jẹ ẹ́, n kò sì lè gbé e sílẹ̀. Ojú tì mí débi pé bí ilẹ̀ bá yanu nígbà yẹn, ǹ bá wọ inú rẹ̀. Ohun tí mo ń wá láti àárọ̀ ọjọ́ náà, ju owó lọ, ju oyè lọ, ni kí obìnrin yìí sọ pé òun ti dárí jì mí.

Nígbà tí Ààfáà dé, mo kúnlẹ̀ ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ń retí kó bú mi. Ó ṣí fìlà rẹ̀ gbé lé orúnkún. Ó ní, "O parí ọ̀rọ̀ tìrẹ, o fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó yá, jẹ́ ká lọ parí ẹ̀." Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan la wá ń lọ sí Kwali. Làmí kì í jáde sí wa. A óò jókòó pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, a óò padà. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún tàbí ẹ̀kẹfà, ó jáde, ó gbé igbá síwájú mi láìwo ojú mi, ó ní bí n bá máa jókòó síbẹ̀ lásán, kí n kúkú lọ bá òun ru amọ̀ wá láti odò. Mo ru amọ̀. Mo gún amọ̀. Ààfáà jókòó sábẹ́ igi, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, kọ́ńpìnnì ń wá ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́. Mo bi Làmí bóyá yóò ṣe é. Ó ní òun á ṣe é, àmọ́ bí mo bá tún ń gbé ìròyìn ikú lọ sílé ẹnikẹ́ni, òun ni kí n mú lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìbínú ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú.

Bí Làmí ṣe di ẹnìkejì mi nìyẹn, nígbà tí Ààfáà darúgbó tó sì padà sí Ìlọrin. Ó kọ́ Yorùbá nídìí ìkòkò oúnjẹ, ó gbọ́ ọ débi pé ó ń fi í bú àwọn tó bá fẹ́ gba ẹran méjì. Ọ̀nà tirẹ̀ kò jọ tèmi. Ó máa ń wọlé, á ní kí ẹni náà jókòó, á sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, á sì jókòó tì í, kò ní kúrò. Mo kórìíra ọ̀nà náà. A lọ sílé ìyá kan ní Nyanya, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ pé ara rẹ̀ kò yá, Làmí ní, "Màmá, ó ti kú." Àwọn ẹbí fẹ́rẹ̀ẹ́ lù wá! Àbúrò ìyá náà, tó mọ̀ mí láti ilé, pariwo lé mi lórí pé, "Ìyá Bísí, ìwọ tó o mọ àṣà, irú ènìyàn wo lo kó wọ ilé wa?" Wọ́n lé wa jáde. Nínú mọ́tò, mo bá Làmí jà.

"O pa obìnrin yẹn lára," mo ní.

"Ìwọ náà pa mí lára," ó dáhùn.

Mo bi í nígbà náà, mo ti ń fẹ́ bi í tipẹ́. Mo ní, "Làmí, ṣé o ti dárí jì mí?"

"Ṣé èyí tó o fẹ́ gbọ́ ni kí n sọ, àbí òótọ́?"

"Òótọ́."

"Kò tíì tó bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì yíjú sí fèrèsé.

Ayé ń yí padà ní gbogbo àsìkò yìí. Fóònù alágbèéká tó jẹ́ ti àwọn ọ̀gá nìkan bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ìròyìn wá ń ṣáájú wa délé. A óò dé ẹnu ọ̀nà, a óò bá wọn tí wọ́n ti ń sunkún, ẹnì kan ti pè wọ́n láti sáìtì. Èmi kì í mọ ohun tí n óò fi ẹnu mi ṣe mọ́. Làmí á mú ìgbálẹ̀, á gbá àgbàlá, á pọn omi, á wá ibi tí àwọn ọmọdé wà. Mo wá rí i pé sísọ ọ́ kọ́ ni iṣẹ́ náà. Ọ̀gá tuntun tí mo wí sì kó fọ́ọ̀mù dé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ènìyàn mélòó ni ẹ tù nínú lóṣù yìí? Mo kọ ọ́ pé n kò mọ̀, kí wọ́n lọ bi wọ́n. Ó dá fọ́ọ̀mù náà padà fún mi. Ó fẹ́ kí n máa bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Mo sọ fún un pé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà wà fún. Lórí èyí, a kò gbọ́ra wa yé títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ máa pàdé ọ̀gá náà, orúkọ rẹ̀ nìkan ló máa yàtọ̀.

Ọdún kẹwàá mi ni, ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Bàbá Bísí, ọkọ mi, wa mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Ẹtì láti lọ wo ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mò ń gbálẹ̀ níwájú ilé wa ní Karu láàárọ̀ nígbà tí mọ́tò kọ́ńpìnnì dúró. Ọ̀gá sáìtì sọ̀ kalẹ̀, akọ̀wé àgbà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n kí mi, wọ́n tún kí mi.

"Mọ́mì," ọ̀gá sáìtì ní, "mọ́tò Dádì ní ìṣòro díẹ̀ lọ́nà Lọ́kọ́ja. Wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ara wọn ò yá díẹ̀ ni. Ẹ múra ká lọ."

Ẹ gbọ́ mi o. Èmi tí mo ti sọ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé tí n kò lè kà mọ́. Èmi tí mo mọ ìdí tí ènìyàn méjì fi ń wá. Mo gbà á gbọ́. Mo sáré wọ ilé ìdáná. Mo tan sítóòfù, mo gé ẹja, mo fọ fúláàsì. Mo na ọwọ́ sí ata, mo ronú nípa inú aláìsàn, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú mi ti ń balẹ̀. Mo ń rò ó pé màá bá a jà díẹ̀ fún eré tó máa ń fi mọ́tò sá, lẹ́yìn náà màá fi síbí fún un ní ọbẹ̀.

Ilé Làmí kò jìnnà sí tiwa nígbà náà. N kò mọ ẹni tó sọ fún un. Mo ṣáà rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó wo ìkòkò, ó wo fúláàsì tí mo ṣí sílẹ̀, ojú rẹ̀ wá dúró sórí ata. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó pa iná.

"Ìyá Bísí, jókòó."

Mo jókòó sílẹ̀.

"Bàbá Bísí ti kú."

Ó jókòó tì mí, ó kó ọwọ́ mi méjèèjì pẹ̀lú òórùn ẹja wọn sínú tirẹ̀. N kò lè sọ bó ti pẹ́ tó tí mo fi ké. Kò sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Ó dùn mí ju ohunkóhun tí mo ti gbọ́ láyé mi lọ, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nínú gbogbo rẹ̀, mo rántí obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì tí inú rẹ̀ ń dùn, mo sì mọ ohun tí Làmí ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ mí nínú rẹ̀.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn ọ̀gá sáìtì níta. Orí fóònù ló wà. Bísí, àkọ́bí mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún un pé kó máa bọ̀ nílé, pé ara dádì rẹ̀ ni kò yá díẹ̀.

Mo dìde. Làmí di apá mi mú títí a fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bísí," mo ní, "ìyá rẹ nìyí. Jókòó."

Mo sọ ọ́ fún un. Ó ké, mo gbọ́ ọ, n kò sì pa fóònù náà. N kò ní kó dákẹ́, n kò ní màá pè é padà. Nígbà tí káàdì inú fóònù ọ̀gá tán, tí ohùn ọmọ mi já, mo yíjú. Làmí ti pe nọ́ńbà Bísí sórí tirẹ̀, ó ti ń nà án sí mi.